Ìmọ́lẹ̀ àti Ewé Aláràbarà: Bí A Ṣe Ń Gbin Fukiran Ilẹ̀ Japan, Tí A sì Ń Kó O Jọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra ọ́kíìdì torí òdòdó. Ní ti fukiran, ọ́kíìdì kékeré kan láti ilẹ̀ Japan, ewé ni àwọn tó ń kó o jọ ń wò. Òdòdó funfun kékeré tó máa ń yọ nígbà ooru, tó ń ta sánsán kálé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èènì ni wọ́n kà á sí. Vanda falcata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é báyìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, Neofinetia falcata ni ẹ ó ṣì máa rí lára káàdì rẹ̀. Orí ẹ̀ka igi àti ara àpáta ló ń hù sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, láti Honshu lọ sí gúúsù, dé Shikoku, Kyushu àti àwọn erékùṣù Ryukyu. Ó wà ní Kòríà àti Ṣáínà náà. Láyé Tokugawa Ienari, shogun kọkànlá (olórí ológun tó ń ṣàkóso Japan láyé ìgbà yẹn), tó wà lórí oyè láti 1787 sí 1837, àwọn ọlọ́lá ló ń du èyí tí ewé rẹ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Títí dòní, ẹgbẹ́ àwọn olùgbìn rẹ̀ ní Japan ń forúkọ oríṣi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì ń tò wọ́n ní ipò-ipò sórí ìwé kan bí wọ́n ṣe ń to àwọn oníjàkadì sumo.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra èyí tí ewé rẹ̀ ní ìlà funfun tàbí ìlà ìyeyè ni pé: báwo ni ìmọ́lẹ̀ tó ń fẹ́ ṣe pọ̀ tó? Kò sí iye kan ṣoṣo tó bá gbogbo wọn mu. Ara ewé gan-an ni ìdáhùn wà: báwo ni àwọ̀ ewéko tó kù síbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ṣé funfun ni ìyókù àbí ìyeyè, ibo sì ni àwọ̀ náà jókòó sí lára ewé. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi oòrùn kan náà pa gbogbo ọ́kíìdì rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú àrà tó wà lára ewé

Shima ni èyí tí ìlà rẹ̀ gùn láti ìdí ewé lọ sí ṣóńṣó. Higashidemiyako wà lára àwọn tí gbogbo olùgbìn mọ̀ nínú wọn. Fukurin ni èyí tí etí ewé méjèèjì jẹ́ funfun tàbí ìyeyè, tí àárín rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewéko. Fugaku, tí etí rẹ̀ funfun báláú, jẹ́ ọ̀kan. Nishidemiyako, tó jáde láti ara Higashidemiyako, jẹ́ òmíràn. Nakasuke ni òdìkejì fukurin: àárín ló mọ́ gaara, etí ló ní àwọ̀ ewéko. Torafu ni èyí tí àwọ̀ rẹ̀ gba ìbú ewé kọjá, bíi ti Asahiden.

Kí ló fà á? Ní ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì wà ní ìpele-ìpele. Àwọn kan lè ṣe klorofíìlì, èròjà tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, tó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ. Àwọn kan kò lè ṣe é. Nínú fukurin, odidi ìpele kan ni kò lè ṣe é, ìpele náà sì yí orí ìdàgbà yẹn ká. Ìdí nìyẹn tí etí funfun fi ń dúró láti ọdún dé ọdún. Ti shima kò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì lè dà pọ̀ lápá kan, kí wọ́n má dà pọ̀ lápá kejì. Ewé ọwọ́ òsì lè kún fún ìlà, kí ti ọwọ́ ọ̀tún má ní ju ẹyọ kan lọ. Ní ti torafu, ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń jáde.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú, nítorí owó ńlá ti bá àìmọ̀ rẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ lè mú kí ìlà tó wà lára shima hàn kedere, ó sì lè mú kó ṣú. Kò lè dá ìlà sílẹ̀ níbi tí sẹ́ẹ̀lì funfun kò sí. Shima tí ewé tuntun rẹ̀ ti ń jáde ní àwọ̀ ewéko lásán lọ́dún mélòó kan, tí kò sí ìlà kankan mọ́ nídìí ewé, ẹ ìbáà gbé e sójú oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, gbígbóná ni yóò gbóná. Ọ̀pọ̀ fukiran tó dáa ti jóná báyìí, torí ẹni tó ni ín rò pé ìmọ́lẹ̀ ni kò tó.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n

Ojú ènìyàn máa ń tanni jẹ. Yàrá tó dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ kedere lè má ju 500 lux (lux ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ìmọ́lẹ̀) lọ, nígbà tí oòrùn ọ̀sán gangan níta lè kọjá 100,000. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń wọn lux. Èyí tó wà lórí fóònù náà lè ràn yín lọ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í péye tán. Ẹ gbé e sí ibi tí ewé wà gan-an, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, ẹ na ọwọ́ sókè ewé lọ́sàn-án, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn, tí etí rẹ̀ rọ̀ tí kò gé wínní, ó dáa. Bí òjìji bá dúdú tí etí rẹ̀ mú, ó ti le jù fún ewé funfun. Bí ẹ kò bá rí òjìji kankan, inú òkùnkùn ni ẹ gbé e sí.

Ewé funfun kò ní klorofíìlì, ó sì sábà máa ń ṣaláìní karotínọ́ìdì, ìyẹn àwọn èròjà aláwọ̀ ìyeyè tó ń dáàbò bo ewé lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀ tó bá pọ̀ jù. Ìyà méjì ló ń jẹ ẹ́ nìyẹn: kò lè ṣe oúnjẹ, ó sì tètè ń jóná. Ewé aláwọ̀ ìyeyè ṣì ní karotínọ́ìdì lára, nítorí náà ó ń fara da oòrùn jù ú lọ. Ìwọ̀n tí èmi ń lò lákòókò tí wọ́n ń dàgbà rèé:

- Shima tí funfun rẹ̀ pọ̀: 8,000 sí 15,000 lux.
- Fukurin àti nakasuke funfun: 12,000 sí 20,000 lux.
- Torafu, àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ ìyeyè: 20,000 sí 30,000 lux, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i.

Ẹ ṣàkíyèsí ti ìkẹyìn yẹn. Torafu tó bá wà níbi tó ṣókùnkùn lè di àwọ̀ ewéko lásán, kí ẹni tó rà á máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bí wọ́n bá mú un wá síbi tó mọ́lẹ̀, àwọn ewé tuntun ni yóò kọ́kọ́ fi àwọ̀ rẹ̀ hàn, nítorí náà ẹ ní sùúrù títí wọn yóò fi yọ.

Shima funfun ló gba ọgbọ́n jù. Apá tó ní àwọ̀ ewéko, tí kò pọ̀, ló ń bọ́ gbogbo ara, nítorí náà òun ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Apá funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì fẹ́ èyí tó le. Ohun tó ń bá àwọn méjèèjì mu ni ìmọ́lẹ̀ tí kò le ṣùgbọ́n tó pẹ́. Wákàtí 12 sí 14 ní 10,000 lux ń ṣe shima láǹfààní ju wákàtí mẹ́ta lójú oòrùn ọ̀sán lọ. Oòrùn àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án dára fún un, lẹ́yìn náà kí ìbòòji gbà á.

Àwọn tó ń gbìn ín níta ń fi àwọ̀n ìbòòji ṣe é. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: bí oòrùn ọ̀sán bá jẹ́ 100,000 lux, àwọ̀n tó ń dí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún yóò ṣẹ́ 30,000 kù, èyí tó ń dí ìdá 85 yóò ṣẹ́ 15,000 kù. Nígbà ìrúwé tí oòrùn kò tíì le, àwọ̀n tó ń dí ìdàjì lè tó fún àwọn tó lágbára. Ẹ fi òmíràn kún un kí ooru tó wọlé. Ẹ kó àwọn torafu síbi tí àwọ̀n ti fẹ́lẹ́, kí ẹ kó shima funfun sábẹ́ èyí tó nípọn.

Nínú ilé, fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn ló dára jù. Ní ìlú bíi London tàbí Chicago, fèrèsé tó kọjú sí gúúsù lè ṣeé lò bí ẹ bá ta kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i nígbà ooru. Fún iná LED, ẹ wá èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, kí ẹ sì gbé e sókè tó bẹ́ẹ̀ tí iye tó dé orí ewé yóò fi bá ìwọ̀n tí mo kọ sókè yẹn mu. Bí iná yín bá wá pẹ̀lú ìwé tó ń fi PPFD (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ewéko lè lò) ka ìmọ́lẹ̀, nǹkan bí 120 sí 280 µmol ló bá ọ̀pọ̀ fukurin àti shima mu. Ẹ lo ẹ̀rọ tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀, nítorí òru náà ṣe pàtàkì.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé fukiran láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ kéré lọ síbi tó pọ̀, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣe é. Oòrùn ọ̀sán kan ṣoṣo ti tó láti ba ewé tó ti wà lábẹ́ òjìji láti ìgbà òtútù jẹ́.

## Bí ewé ṣe ń sọ̀rọ̀

Ewé tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó rọ̀ tó ń tẹ̀ sísàlẹ̀, tí ìlà rẹ̀ sì ń ṣú, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó o. Ewé tó kúrú, tó le, tó ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀ nídìí, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, kò sì tíì di ewu.

Jíjóná yàtọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ ó kàn rí i pé ojú kan lára apá funfun kò dán mọ́, ó dà bíi pé omi gbígbóná ta sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ibẹ̀ yóò rì wọnú, yóò gbẹ, yóò sì fẹ́lẹ́ bíi pépà aláwọ̀ ẹsẹ̀ẹ̀súnná, pẹ̀lú ìlà dúdú tín-ín-rín yí i ká. Àpá yẹn kì í lọ mọ́. Ewé fukiran sì máa ń pẹ́ lára rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà iye ọdún yẹn ni ẹ ó fi máa wò ó. Kó tó dé bẹ́ẹ̀, ẹ máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé lọ́sàn-án. Bí ó bá gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ẹ tan fáànù kékeré kan sí i tàbí kí ẹ fi ìbòòji kún un. Ooru tó rọ̀gbà yí ewé ká níbi tí atẹ́gùn kò sí ló ń sun ọ̀pọ̀ wọn.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Mọ́ọ̀sì

Láti ìparí oṣù kejì sí oṣù kẹrin, kí gbòǹgbò tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ni àwọn ará Japan ń pààrọ̀ mọ́ọ̀sì, ewéko rírọ̀ tí wọ́n fi ń gbin fukiran dípò iyẹ̀pẹ̀. Lọ́dọọdún dára, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọdún méjì.

Ẹ rẹ mọ́ọ̀sì sphagnum tó gùn dáadáa sínú omi, kí ẹ wá fún un títí omi kò fi ní máa kán mọ́. Ẹ rẹ fukiran náà sínú omi kí mọ́ọ̀sì àtijọ́ lè tú kúrò láìfa gbòǹgbò já. Gbòǹgbò tó bá fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó ṣófo nínú, ẹ gé e kúrò pẹ̀lú abẹ tí ẹ ti fi iná tàbí ọtí líle nù.

Ẹ wá igi tàbí páìpù tó tóbi tó àtàǹpàkò, kí ẹ ká mọ́ọ̀sì mọ́ orí rẹ̀. Ẹ gbé fukiran jókòó sórí mọ́ọ̀sì náà, kí ẹ da gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ yí i ká, kí ẹ wá fi mọ́ọ̀sì gígùn bo gbòǹgbò láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ìkòkò, kó ga ju ẹnu ìkòkò lọ, kí ẹ sì yọ páìpù náà jáde láti ìsàlẹ̀. Àárín rẹ̀ yóò ṣófo. Òfìfo yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò, nítorí náà ìkòkò tí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóbi ni kí ẹ lò. Ẹ má ri ìdí ewé mọ́ inú mọ́ọ̀sì. Jíjẹrà ló ń tẹ̀lé e.

Gbòǹgbò shima tí funfun rẹ̀ pọ̀ kì í sábà pọ̀. Ẹ má fún un ní ìkòkò ńlá torí pé ẹ náwó lé e lórí. Mọ́ọ̀sì kékeré tó ń tètè gbẹ ló ń fẹ́.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Omi, ajílẹ̀ àti ìsinmi òtútù

Nígbà tó bá ń dàgbà, ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí ẹ wá dúró títí ojú mọ́ọ̀sì yóò fi gbẹ, tí yóò sì dún ṣínkínṣínkín bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ń gbé ìkòkò sókè lójoojúmọ́, láìpẹ́ ọwọ́ yín yóò mọ èyí tó gbẹ yàtọ̀ sí èyí tó tutù.

Ajílẹ̀ olómi, ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, ló tó. Ẹ lò ó nígbà ìrúwé àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìwọ́wé, kí ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tí ooru bá mú jù. Àwọn tó ń gbin aláràbarà kì í fẹ́ ajílẹ̀ tí náítírójìn rẹ̀ pọ̀, nítorí àwọ̀ ewéko ló máa ń gbé lárugẹ.

Fukiran ń sinmi nígbà òtútù. Ní Japan, wọ́n ń jẹ́ kí ìwọ̀n òtútù òru lọ sílẹ̀ dé nǹkan bíi 5 °C láìjẹ́ kí yìnyín bà á, omi rẹ̀ sì ń dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ewé fi ń hunjọ díẹ̀. Ẹ má ṣe jáyà, ẹ má sì da omi lé e nítorí ìyẹn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ tó ń gbìn ín nínú ilé tó ní ẹ̀rọ amúlémóoru ti ń ṣì í ṣe. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ìmọ́lẹ̀ àti ooru gbọ́dọ̀ bára wọn dọ́gba. Ní London, ojúmọmọ oṣù Kejìlá kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lọ. Bí yàrá bá wà ní 20 °C lákòókò yẹn tí kò sì sí iná LED, ewé á máa nà, á máa rọ̀, oúnjẹ tó kó pamọ́ lára á sì máa tán. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjì: ibi tó tutù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré, tàbí ibi tó móoru tí iná rẹ̀ tó. Èmi fara mọ́ ti àkọ́kọ́, torí ìsinmi òtútù ló ń mú òdòdó wá nígbà ooru.

Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn ní ìṣòro mìíràn: òru kì í tutù tó. Ewé lè máa yọ, kí òdòdó má wá. Jos, níbi tí òru ọyẹ́ ti ń tutù gan-an, sàn jù fún un. Níbikíbi tí ẹ bá wà ní Nàìjíríà, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí gan-an fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ẹ fi àwọ̀n tó ń dí ìdá 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Rírà àti kíkó jọ

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá fẹ́ ra shima, ẹ má jẹ́ kí ewé kan tó rẹwà gba ọkàn yín. Ẹ wo ìdí ewé, níbi tó ti so mọ́ ara. Ṣé ìlà náà dé ibẹ̀? Ṣé ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì? Ewé méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ńkọ́? Ọmọ tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí ewé ló ti ń yọ, irú sẹ́ẹ̀lì tó bá sì wà níbẹ̀ ló ń gbé jáde. Láti ara shima kan ṣoṣo, ọmọ kan lè jẹ́ àwọ̀ ewéko lásán, òmíràn shima bí ìyá rẹ̀, òmíràn fukurin. Òmíràn lè funfun látòkè délẹ̀. Èyí tó funfun pátá, iwin ni àwọn ará Japan ń pè é: yūrei. Ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ara ìyá rẹ̀ ló ti ń jẹun. Bí ẹ bá yà á sọ́tọ̀, ikú ló ń lọ.

Shima tí funfun rẹ̀ pọ̀ jù náà kì í pẹ́ láyé. Owó rẹ̀ máa ń wọ́n, ó sì máa ń fa ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ra. Èyí tí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ewé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewéko, tí ìlà rẹ̀ tín-ín-rín tó sì tàn kálẹ̀ sí ewé gbogbo, ni mo máa ń sọ fún ènìyàn pé kí wọ́n rà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kíní yín ni, ẹ fi fukurin bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má gbára lé irúgbìn fún àrà ewé. Irúgbìn tí a mú lára shima sábà máa ń hu àwọn tó jẹ́ àwọ̀ ewéko lásán tàbí àwọn tó funfun tí kò lè yè. Pípín ọmọ kúrò lára ìyá ló ń pa àrà náà mọ́. Ẹ dúró títí ọmọ yóò fi ní gbòǹgbò tirẹ̀ tó tó mẹ́ta, kí ẹ tó fi abẹ mímọ́ gé e níbi tó ti so mọ́ ìyá rẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ mọ́ọ̀sì.

Bí ẹ bá ń rà á láti òkè òkun, gbogbo ọ́kíìdì ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ CITES àti ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ra èyí tí wọ́n wú nínú igbó rárá. Furan, ìyẹn fukiran tó ń hù nínú igbó, wà lára àwọn ewéko tí ìjọba Japan kà sí èyí tó wà nínú ewu ìparun, ọwọ́ àwọn tó ń wú u wà nínú ohun tó fà á.

Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá sára káàdì tí omi kò lè pa rẹ́, kí ẹ sì tì í sínú mọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá pín ọmọ tí ewé rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀: "àwọ̀ ewéko láti ara Higashidemiyako", kì í ṣe Higashidemiyako nìkan. Ẹni tó bá máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń rà.